Mẹ́sàn-án Méjì Lórí Téèpù Kan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ló rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi tọ̀ sára, n ò sì fi ìyẹn ṣe àsọdùn, èmi ni mo yá a ní ṣòkòtò tó wọ̀ lọ sílé.

Àsọdùn lorúkọ mi. Kì í ṣe ìyá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀, ẹnu mi ló sọ mí. Bí òjò bá rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi á ní ó rọ̀ títí ẹja fi ń kan ilẹ̀kùn pé ká jọ̀ọ́ ká ṣí fún òun, òtútù ń mú òun. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta gbáko ni mo lò nínú kíláàsì kẹrin yẹn, torí náà ẹ ò lè sọ pé n ò pẹ́ nílé ìwé. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo wá kọ́, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-tún-un-ṣe.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti ránṣọ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò sí aṣọ kan ṣoṣo tí wọ́n gbé padà wá bá a pé kó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń wọn èèyàn. Á ta téèpù yí onítọ̀hún láyà, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á wá ké nọ́ńbà jáde bí ẹni ń pe ọmọ ẹ̀ wálé. Èmi á kọ ọ́ sínú ìwé, oníbàárà náà á sì ti gbọ́ ọ létí ara ẹ̀. Ó parí. Téèpù yẹn, ọ̀gá tirẹ̀ ló fi kọ́ ọ lọ́rùn lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́ kíkọ́. Ó ti pọ́n bí eyín àgbà. Ara èèyàn nìkan ló sì fi ń wọ̀n. Tó bá di pé ó fẹ́ gé aṣọ, igi ìwọ̀n tí wọ́n kàn mọ́ etí tábìlì ló ń lò, torí ó ní téèpù máa ń fà lórí aṣọ. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú dáadáa: téèpù fún ara, igi tábìlì fún aṣọ. Àárín àwọn méjèèjì ni mo gbà wọlé bí olè.

Ohun tó ṣe mí rèé. Obìnrin kan wà ní òdìkejì títì tó ń ta bọ́tìnnì, òwú àti síìbù, Oníbọ́tìnnì la ń pè é. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé mo ń já bọ́tìnnì aṣọ ara mi kí n lè lọ ra òmíràn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin wá gbé aṣọ kóòtù wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní èmi gan-an lòun fẹ́ kó rán an, kì í ṣe Ọ̀gá. Mo ní àna ti rí mi nìyẹn. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì rán kóòtù yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé tó wá gbé e, ṣọ́ọ̀bù kún, Oníbọ́tìnnì náà tẹ̀lé e wá. Ó gbé e wọ̀. Ọ̀gá mi gbójú sókè láti ìdí tábìlì, ó wò ó, ó tún un wò.

Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni Àsọdùn rán kóòtù yìí fún, ṣé ọmọ èèyàn ni àbí alákàn?"



Ó ní kí ọkùnrin náà nawọ́ síwájú. Ó nawọ́ síwájú, apá kóòtù ń fà á sẹ́yìn. Ni Ọ̀gá bá mú abẹ, ó já òwú èjìká méjèèjì níbi tí ọkùnrin náà dúró sí, ó fa apá aṣọ kan yọ, ó gbé e sókè bí ẹni gbé ẹja. "Apá òsì nìyí o! Ó ṣìnà, ó gba ọ̀tún wọlé!"

Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan ní kí n kúkú fi ẹsẹ̀ rán ìyókù. Oníbọ́tìnnì fi orí ti ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Alákàn ládùúgbò. Èmi tí mo ti ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín látìgbà tí mo ti ń mu ọmú, n ò mọ̀ pé ẹ̀rín ní iwájú àti ẹ̀yìn bí apá kóòtù.

Mo gbọdọ̀ sọ èyí náà, bó tiẹ̀ ń tì mí lójú. Apá òsì yẹn, inú ihò apá ọ̀tún ló wà lóòótọ́. Èmi ni mo rán an síbẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn sì lọ tán, Ọ̀gá pè mí jókòó, ó fi ìka ẹ̀ tọ́ ibi tí apá aṣọ ti kún hàn mí. Ó ní, "Ibi tó kún, ẹ̀yìn ló ń lọ. O ò ní ṣì í mọ́ láéláé." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo ní, "Ẹ ṣé, Ọ̀gá," mo sì rẹ́rìn-ín padà sí i, eyín méjìlélọ́gbọ̀n.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ ra téèpù méjì lọ́wọ́ Oníbọ́tìnnì, irú ti Ọ̀gá gẹ́lẹ́, onírin létí.

Ó ní, "Méjì? Ọrùn mélòó lo ní, Alákàn?"

Mo ní, "Ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún òjìji mi."

Nílé, mo gé àkọ́kọ́ níbi tí nọ́ńbà mẹ́sàn-án wà. Lára ìkejì, mo gé íńṣì kan ṣoṣo, èyí tó wà láàárín mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, mo sì tẹ̀ ẹ́ bọ àárín àkọ́kọ́. Tí ẹ bá ń kà á báyìí, ẹ máa ka mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Ẹni tí àyà ẹ̀ jẹ́ méjìdínlógójì, téèpù á ní mẹ́tàdínlógójì. Télọ̀ kì í sì í ka téèpù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí àtàǹpàkò ẹ̀ bá bọ́ sí ló ń wò, kì í béèrè ọ̀nà tí nọ́ńbà gbà débẹ̀. Mo fi àtè lẹ̀ ẹ́, mo fi òwú tó tín-ín-rín ju irun imú lọ rán an. Mo rẹ ẹ́ sínú tíì dúdú títí ó fi pọ́n, mo lọ̀ ọ́ gbẹ, mo fi ẹfun ṣọ́ọ̀kì àti àbẹ́là pa á lára. N ò tíì rán ohunkóhun dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ká ní mo ti rán kóòtù yẹn bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gá gbé téèpù ẹ̀ kọ́ orí ìṣó, ó lọ fọwọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo fi tèmi pààrọ̀ ẹ̀, mo fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ máṣìnnì mi. Ó padà dé, ó gbé tèmi kọ́rùn.

Tíṣà kan ló kọ́kọ́ padà wá. Ó ní òun bẹ̀rẹ̀ níwájú kíláàsì láti mú ṣọ́ọ̀kì, ìdí ṣòkòtò sì ké bí àgbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ọ̀gá gba ṣòkòtò náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Aṣọ àkọ́kọ́ tó padà wá bá a láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nìyẹn.

"Tíṣà, kí ni mo pè fún ìdí yín?"

"Mẹ́rìndínlógójì lẹ pè, Bàbá. Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ."

Ọ̀gá wo inú ìwé. Ohun tó pè ni mo kọ. Ó wo igi tábìlì. Ohun tí mo kọ ló gé. Ó tú ṣòkòtò náà, ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àyà ń fún, gígùn ń kúrú, ọrùn ọwọ́ tí kò tó mẹ́sàn-án nìkan ló ń ṣe rẹ́gí, bíi pé ẹnì kan ń fi bàbá náà ṣeré. Ẹnì kan sì ń fi í ṣeré ní tòótọ́. Mo máa ń lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, màá fi aṣọ dí ẹnu, màá rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni, kó mọ bó ṣe ń rí. Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́fà.

Ìgbà náà làwọn nọ́ọ̀sì mọ́kànlá wá. Ọ̀gá ló rán yunifọ́ọ̀mù gbogbo wọn, wọ́n sì wọ̀ ọ́ wá kó lè fojú ara ẹ̀ rí i. Ẹ̀yin èèyàn! Wọ́n tò wọlé bí ìrọ̀rí mọ́kànlá tí wọ́n kì ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀kan mí sínú, bọ́tìnnì fò bí ọta ìbọn, ó ba aláǹgbá lórí ògiri, aláǹgbá kú fin-ín-fin-ín. Rárá. Ẹ dákun, kò sí aláǹgbá. Ẹnu mi ló tún fẹ́ sá lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bọ́tìnnì kan já, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì, Ọ̀gá mi sì kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó ń fi ọwọ́ wá a nílẹ̀.

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì náà ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ká máa mí ni, àbí ká kúkú jáwọ́ níbẹ̀?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wá rí ojú ẹ̀, ó rọ ohùn. "Ẹ dìde, Bàbá. Àgbà ló dé. Kò sóhun tó ń tini lójú níbẹ̀."

N ò lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. N ò rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe jáde, Ọ̀gá bọ́ téèpù lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tábìlì. Mo fìgbọ̀nwọ́ ti áyọ́ọ̀nù eléèédú, ẹyin iná dà sórí àjákù aṣọ. "Ọ̀gá, iná!" Ó ju téèpù sílẹ̀, a jọ ń tẹ iná pa. Nígbà tó lọ fọ ọwọ́ tó kún fún eérú, mo gbé téèpù tòótọ́ kọ́ orí ìṣó, mo sì ki èyí tí mo ṣe bọnú áyọ́ọ̀nù náà, mo pa ìdérí dé. Ó rùn bí irun tó ń jó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tẹ́ téèpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìwọ̀n. Ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ọgọ́ta íńṣì, kò fò kan. Gbogbo ẹ̀ bára mu. Mo ti rò pé ibẹ̀ ni màá ti bọ́. N ò mọ̀ pé ẹlẹ́rìí ni mo gbé wá ta kò ó.

Ó ní, "Téèpù ò purọ́." Ó wá gbé àtàǹpàkò ẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. "Àsọdùn, ṣé o ti ṣàkíyèsí nǹkan kan lára mi?"

Ẹnu mi rèé o, ẹnu tó lè mú kí ẹja kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló yẹ kó sọ. Ohun tó sọ ni, "Àgbà náà ni, Ọ̀gá."

Ìyàwó ẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní ojú náà dá ṣáká, pé ó lè rí kòkòrò lórí òṣùpá. Ẹ wò ó, ó yẹ kí ìyẹn jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Àmọ́ baba tó bí Ọ̀gá mi, kó tó kú, ń pe àwọn ọmọ ẹ̀ ní àlejò, ó ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa padà sílé wọn. Ọ̀gá mi sì máa ń sọ pé nọ́ńbà ni baba òun kọ́kọ́ ń ṣì. Bí kì í bá ṣe ojú, a jẹ́ pé orí ni. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyàwó ẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Màmá wá bá mi nídìí máṣìnnì. Ó ti rù.

"Àsọdùn, ọmọ mi. Kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń retí ọjọ́ tóun máa bi mí pé ta ni mí. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Wá bá mi pa á lẹ́rìn-ín."

Mo lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lọ́sàn-án gangan. Òkùnkùn ni mo bá nínú yàrá ẹ̀. Ó ti fèrèsé pa, ó fi aṣọ dúdú bò ó. Nígbà tójú mi mọ́ ibẹ̀ tán, mo rí àwọn ògiri. Ẹfun ṣọ́ọ̀kì ni látòkè délẹ̀, ilà íńṣì àti nọ́ńbà, ilà íńṣì àti nọ́ńbà. Ó wà lára ilẹ̀kùn, lára ibùsùn, lára àga tó jókòó lé. Ó ń wọn yàrá náà lójoojúmọ́, ó ń kọ ọ́, kó lè mọ ọjọ́ tí orí ẹ̀ máa pe nọ́ńbà mìíràn. Ó dà bí ẹni pé ó mọ ilé kan yí ara ẹ̀ ká, èmi ni mo sì ru bíríkì.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, orí yín pé. Èmi ni. Téèpù ni mo pààrọ̀." Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: apá kóòtù, téèpù méjì, mẹ́sàn-án méjì, tíì, iná.

Èjìká ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni.

"Tíì!" ni Ọ̀gá ké. "Ó rẹ téèpù sínú tíì! Ṣé o fi ṣúgà sí i, Àsọdùn?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Màmá sáré wọlé, ó bi wá kí ló dé, Ọ̀gá tún un sọ fún un, òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Mo ń búra. Bí mo bá ṣe ń búra tó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó. Mo ní kí iná ayé àti tọ̀run jó mi. Ọ̀gá ní, "Ẹ gbọ́ o, iná áyọ́ọ̀nù ò tó o!"

Nígbà tó sinmi tán, ó dì mí lọ́wọ́ mú. "O ti pa irọ́ tó pọ̀ níwájú mi. Èyí nìkan lo fi ìfẹ́ pa. O fẹ́ gba ẹ̀bi kí n lè gbórí dúró. Ọlọ́run á bù kún ẹ."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi bá a lóòótọ́. Wọ́n wo òtítọ́ náà tìyanu-tìyanu, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, kó jókòó kó mu tíì. Màmá po tíì fún mi lóòótọ́, ó fi búrẹ́dì sí i. Ó ní, "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wá tún un sọ. Láti oṣù yìí, òní ló kọ́kọ́ jẹun."

Ọjọ́ Sọ́ńdè mẹ́ta ni mo fi lọ sọ òtítọ́ nílé yẹn bí eléré. Ọ̀gá á ní, "Dúró ná, o ò tíì dé ibi tíì!" Aládùúgbò wá gbọ́, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n yí nílẹ̀. Tí ẹ̀rín bá tán, ojú Ọ̀gá á padà sára ògiri, á mú ṣọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní òun ti ro ó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé Sọ́ńdè tó ń bọ̀ lóun máa wá gbé sísọ́ọ̀sì òun àti téèpù ọ̀gá òun lé mi lọ́wọ́, kí òun tó di ẹni tó ń gé ìka oníbàárà. Ṣọ́ọ̀bù di tèmi. Mo ti ń fẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn látìgbà tí mo ti débẹ̀. Kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì ló wá ń ṣe mí.

Mo lọ sọ́dọ̀ Oníbọ́tìnnì, mo sọ ọ́ fún un. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Méjì lo rà. Mo rántí. Ìka ẹ pọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní bóyá sìgá lo ti ń mu."

"O gbà mí gbọ́?"

"Mo gbà ẹ́ gbọ́. Ó sì dùn mí pé mo gbà ẹ́ gbọ́."

"Àwọn ò gbà mí gbọ́. Mo ti búra tán. Téèpù náà ti jóná."

Ó wò mí bí ẹni wo òwú tó ta kókó. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó mú téèpù méjì, ó gbé wọn kalẹ̀ níwájú mi. "Ọwọ́ tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó ti rọ ni?"

Mo tún un ṣe. Ní gbogbo òru Fúráídè àti ọ̀sán Sátidé, tíì dà sí mi lára, ṣùgbọ́n mo rán an bí mo ṣe rán àkọ́kọ́, kò dín, kò lé. Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa ṣe ìkà kan náà lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ojú tó là sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Màmá ti po tíì dè mí. Ọ̀gá ti jókòó dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀. "Ó yá, Alákàn wa. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi kóòtù."

N ò bẹ̀rẹ̀ láti ibì kankan. Mo kúnlẹ̀, mo gbé téèpù náà lé e lọ́wọ́.

"Kí lèyí? O tiẹ̀ mú ẹrù eré wá lónìí!" Màmá pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á gba àárín ìka ẹ̀ bí ó ṣe máa ń fa téèpù, ó ń kà á pẹ̀lú ẹ̀rín. "Mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án..."

Àtàǹpàkò ẹ̀ dúró.

Ó dà á padà. "Mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án." Àtàǹpàkò ẹ̀ sún síwájú. "Mẹ́sàn-án."

Màmá ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i kó tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá gbé téèpù sún mọ́ ojú. Ó fi èékánná wá ojú rírán náà, ó wá a tì, ó tún un wá. "Ta ló rán ibí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó ní, "Ó dáa. Ǹ bá má rí i láéláé." Kò pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, mo gbàdúrà pé kó pariwo, kó gbé àga lé mi lórí. Ó dìde, ó lọ síbi fèrèsé, ó fa aṣọ dúdú yẹn já, ó ṣí fèrèsé. Oòrùn wọlé bá gbogbo nọ́ńbà ara ògiri. Ọ̀gá dúró láàárín wọn, ọkùnrin arúgbó tí ẹfun ṣọ́ọ̀kì kún irùngbọ̀n ẹ̀.

"Ìyàwó mi, orí mi pé."

Ó yíjú sí i.

"Orí mi pé. Ṣé o gbọ́? Orí mi pé ṣáṣá."

Màmá yíjú sí mi. Ó wo kọ́ọ̀bù tó wà níwájú mi, tí ooru ṣì ń rú níbẹ̀. Ó ní, "Tíì ni mo ń fún ẹ mu." Ó gbé kọ́ọ̀bù náà, ó jáde. Látọjọ́ náà, tíì ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ti di ẹrù mi, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kó tó dé. Ó kọjá lára mi, ó wọlé, ó gbé téèpù ọ̀gá ẹ̀ sọ́rùn, ó ní, "Wọlé. Gbọ́wọ́ sókè." Ó yọ téèpù mi nínú àpò, ó fi yí mi láyà, ó tẹ̀ ẹ́.

"Téèpù ní márùndínlógójì. Kí ni àyà ẹ?"

"Mẹ́rìndínlógójì, sà."

Ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn. "Èyí ni tìẹ. Ìwọ lo ṣe é, ìwọ lò ó. Ọjọ́ tí mo bá rí òmíràn lọ́rùn ẹ, máa lọ."

Ọdún kẹrin rèé. Òun ló tún yunifọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì ṣe, mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ó sì ní kí n dúró níwájú wọn kí n sọ ìdí ẹ̀. Mo sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oníbọ́tìnnì ṣì ń ta bọ́tìnnì fún mi, àmọ́ kì í bi mí ní iye ọrùn tí mo ní mọ́. Ẹlòmíràn ló fẹ́, èmi ni mo rán kóòtù ọkọ, apá méjèèjì sì wọ ibi tó yẹ.

Tí mo bá wọn oníbàárà, màá pe ohun tí téèpù sọ, màá wá fi ẹyọ kan kún un. Oníbàárà á béèrè pé kí ló dé. Ọ̀gá ti ní mi ò gbọdọ̀ parọ́ níbẹ̀, nítorí náà mo máa ń sọ ọ́. Wọ́n á di ìdí mú, wọ́n á ní, "Àsọdùn, o ò ní pa wá!"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan fẹ́ rán ṣẹ́ẹ̀tì, ṣọ́ọ̀bù kún, mo ń kánjú. Mo yí i láyà, mo ké e jáde pé ogójì, mo sì ti ń mú bíírò. Ọ̀gá wà nídìí tábìlì, sísọ́ọ̀sì ẹ̀ ń lọ lórí aṣọ, ó kẹ́yìn sí mi. Sísọ́ọ̀sì dúró.

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Fi kún un."